Níbo ni àwọn tó ń ṣèrànwọ́ omíyalé yóò máa sùn?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wa dá sí i. Àwa ọ̀dọ́ bí 40 la máa ń kó ara wa jọ lọ ṣèrànwọ́ nígbàkigbà tí odò bá kún ní Lọ́kọ́ja àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tá a lọ kẹ́yìn, inú kíláàsì ilé ìwé la sùn, lórí sìmẹ́ǹtì lásán. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ibà ti dá mẹ́fà nínú wa padà sílé. A fẹ́ kan ibùsùn tiwa, èyí tá a lè tú palẹ̀, ká kó o pa mọ́, ká tún lò ó lọ́dún mìíràn. Owó wa ò pọ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà méjì wà láàárín wa. Àwọn kan ní ká háyà kánópì, àwọn kan ní ká ra àgọ́, àwọn kan tiẹ̀ ní ẹni tó lọ ṣèrànwọ́ kò gbọ́dọ̀ máa wá ibi tó dáa sùn. Kí lẹ rí sí i?

---

Èsì mi àkọ́kọ́

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Gbogbo ẹni tó ti fèsì ṣáájú mi, ọ̀rọ̀ òrùlé ni wọ́n ń sọ: kánópì, tapólì, páànù. Òrùlé dáa, ṣùgbọ́n omi tó ń ti ìsàlẹ̀ wá ló máa ń kọ́kọ́ lé olùrànwọ́ dìde, ẹ̀fọn ló sì máa ń ṣèkejì rẹ̀.

Mo wà ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 2022. Ẹ rántí ọdún náà. Àwọn tó kú káàkiri Nàìjíríà lé ní 600, àwọn tí omi lé kúrò nílé sì lé ní mílíọ̀nù kan. Lọ́kọ́ja ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, nítorí náà kò sí omi tó kún lókè lọ́hùn-ún tí kì í gba iwájú ilé wọn kọjá. Ọ̀nà Ganaja di ojú ọkọ̀ ojú omi. Ní Koton Karfe, tírélà tò lọ súà lójú ọ̀nà Àbújá, wọn ò lè lọ, wọn ò lè bọ̀.

Àwa 24 la jọ lọ. Àwọn tó kó wa lọ fún wa ní àgọ́ tuntun kan, ó tóbi, ó dùn ún wò. Wọ́n pa á sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí koríko sì ti tutù, torí ibẹ̀ ló mọ́ jù lójú. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí koríko ibẹ̀ fi tutù ju ti ibòmíì lọ. Lóru ọjọ́ kejì mo jí, mo na ọwọ́ sí fóònù mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ọwọ́ mi wọ inú omi. Omi náà ò ga ju ìka méjì lọ, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èèyàn 24 ló dìde ní agogo méjì òru, tí wọ́n gbé fóòmù lé orí, tí wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Agogo mẹ́fà ni ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ gbéra lọ kó àwọn arúgbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó di okùn ọkọ̀ mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ń tòògbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tí okùn náà yọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìyá àgbà kan sì wà lójú omi, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lórí fèrèsé ilé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí olùrànwọ́ má wá ibi tó dáa sùn, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo máa ń rántí.

---

Sí ẹ̀gbọ́n tó ní "ẹ lọ bá wọn jìyà pọ̀"

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n, mo sì mọ ohun tó ń dùn yín. Ẹ ti rí àwọn tó ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń wa jíìpù wá wo ilé tó wó, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n lọ. Ó ń bí èmi náà nínú. Hòtẹ́ẹ̀lì tún ní àléébù mìíràn: tí omi bá gé ọ̀nà láàárín yín àti àwọn èèyàn tẹ́ ẹ wá ràn lọ́wọ́, ẹ̀yin gan-an ti di ẹni tí wọ́n ń wá ọkọ̀ ojú omi lọ gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àgọ́ wa kún. Wọ́n kó wa wọ kíláàsì nínú ilé ìwé kan tí àwọn tí omi lé ti kún tẹ́lẹ̀. A gba yàrá kan odindi. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ láti lọ fọ ojú, ìyálọ́mọ kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn wa gan-an. Ó tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wà lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ fara ti ògiri. Kíláàsì ti kún ni wọ́n fi ní kó dúró síbẹ̀. Àwa la kún un. Ìwọ̀nba ilẹ̀ gbígbẹ tó kù ní gbogbo àdúgbò yẹn, àwa tá a wá ṣàánú wọn la wá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bá gbogbo ẹni tó dámọ̀ràn ilé ìwé jiyàn, wọ́n sì pọ̀. Wọ́n ní òrùlé ti wà níbẹ̀, ògiri ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnì kan ló ń san owó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí omi bá sì fà, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì, ẹ̀yin ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti àpò ìrẹsì.

Ibi tó yẹ yín ni ibi tí kì í ṣe àárín wọn tí kò sì jìnnà sí wọn. Ìwọ̀n tèmi ni pé kí igbe lè dé etí yín lóru, kí ariwo ọmọ má sì jí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú omi dé.

---

Ọ̀rọ̀ kánópì

Ẹni mẹ́ta ló sọ ọ́. Ó yá láti rí, ó sì yá láti gbé dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ kánópì dáadáa nígbà míì tẹ́ ẹ bá lọ síbi ìnáwó: orí ilẹ̀ ló dúró lé, kò wọlẹ̀. Òkúta àti okùn ni wọ́n fi ń mú un, torí pé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn tó máa ń ṣáájú òjò ní etí odò ńlá kì í bá kánópì ṣeré. Mo ti rí èyí tó fò kọjá orí ògiri níbi ìsìnkú, tó lọ balẹ̀ sórí ọkọ̀ àna olókùú. Àwọn èèyàn ti dìde lórí ìjókòó nígbà náà, orí ló yọ wọ́n. Ẹni tó ń sùn kò ní lè sáré.

Ẹ háyà ẹyọ kan tí ẹ bá fẹ́, kẹ́ ẹ fi ṣe àtíbàbà ibi ìjẹun àti ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ orúkọ lọ́sàn-án. Ẹ má sùn sábẹ́ rẹ̀.

---

Àbúrò tó tún béèrè pé báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó

Ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè bẹ́ẹ̀. Òdiwọ̀n Sphere tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò káàkiri ayé sọ pé ó kéré tán, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 3.5 mítà onígun mẹ́rin lábẹ́ òrùlé. Fún èèyàn 40, 140 nìyẹn. Káfíńtà tó bá gbọ́ 140 yóò fẹ́ kan gbọ̀ngàn ńlá kan ṣoṣo. Ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Gbọ̀ngàn ńlá nílò igi gígùn tí ọkọ̀ ojú omi ò lè gbé, tí ẹnì kan bá sì ń wúkọ́ nínú rẹ̀, 40 ló máa jí.

Ẹ jẹ́ kí tapólì wọn ilé náà fún yín. Èyí tí àwọn àjọ ńlá máa ń pín, mítà 4 sí mítà 6 ni, ó sì nípọn ju ti ọjà lọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: ìbú ilé mítà 6, gígùn mítà 11. Òpó àárín ga ju òpó ẹ̀gbẹ́ lọ ní mítà kan ààbọ̀, kí òjò lè sáré kúrò lórí rẹ̀, kó má rogún. Igi òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá gùn ní nǹkan bí 3.35 mítà. Ẹ fi 40 sẹ̀ǹtímítà kún un fún etí òrùlé, ìbú tapólì yóò sì ṣẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà kù tí ẹ máa ṣẹ́ lé orí ilé. Tapólì méjì lẹ máa tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mítà 12 ni méjèèjì: ẹ fi ìdajì mítà gun ara wọn lórí, ẹ jẹ́ kí 25 sẹ̀ǹtímítà yọ níwájú, 25 lẹ́yìn. Ó kù mítà 11 géérégé. Tapólì mẹ́rin, ẹ ò gé ìkankan, ẹ ò ran ìkankan. Èyí tẹ́ ẹ bá gé kò ní wúlò fún nǹkan mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

66 mítà onígun mẹ́rin nìyẹn, ó gba èèyàn 18 pẹ̀lú ìwọ̀n ààyè díẹ̀. Ẹ kan méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Ẹ wá kan ẹ̀kẹta tó kéré, mítà 6 sí 5, tapólì méjì péré, fún èèyàn mẹ́jọ. Ẹ̀kẹta yìí làwọn èèyàn máa ń rò pé kò pọn dandan, mo sì máa ń bá wọn fà á gan-an. Àwọn tó ṣọ́ òru ló ni ín. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, nígbà tí gbogbo yòókù ń pariwo, tí wọ́n ń kó àpò, tí wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ kàn án sí ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ igi tẹ́ ẹ bá rí igi, kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá.

---

Ooru

Ẹnì kan láti Kàbbà kọ̀wé pé kò sẹ́ni tó lè sùn lábẹ́ tapólì lọ́sàn-án ní Lọ́kọ́ja. Òótọ́ ni. Ìlú náà gbóná, òkè Patti wà lẹ́yìn rẹ̀, odò wà níwájú. Ohun méjì ló ràn wá lọ́wọ́. Ẹ má fi tapólì ṣe ògiri láti òkè délẹ̀. Kí ó ga tó orókún tàbí ìdí, kí àwọ̀n ẹ̀fọn gba òkè rẹ̀ yíká, kí atẹ́gùn máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan jáde ní ìkejì. Ẹ so tapólì kan tó ṣe é tú sílẹ̀ bíi kọ́tíìnì fún ìgbà tí òjò bá ń fẹ́ wọlé. Èkejì, ẹ wá imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ tò ó sórí òrùlé lórí ọ̀pá, kó má fara kan tapólì. Ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan tó wà láàárín wọn ni ooru ń gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá ṣe èyí, iná ìdáná gbọ́dọ̀ jìnnà réré.

---

Ilẹ̀, mo padà sórí rẹ̀

Àwọn bàbá wa tó ń lọ sóko kòkó fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta mọ èyí. Nínú abà, pèpéle ni wọ́n ń sùn lé. Wọn kì í sùn sórí ilẹ̀ nítorí àkekèé. Nígbà omíyalé, kì í ṣe àkekèé nìkan: omi lé ejò náà jáde nínú ihò rẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tẹ́yin ń wá lòun náà ń wá.

Ẹ gbé ilẹ̀pákó yín sókè tó 45 sẹ̀ǹtímítà. Búlọ́ọ̀kù méjì tá a gbé lé ara wọn tó ìwọ̀n náà. Ẹnì kan ní búlọ́ọ̀kù wọ́n, ó sì wúwo nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó tọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Kóbè, ní ilẹ̀ Japan. Ilẹ̀ ríri ba ìlú náà jẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1995, àwọn tó kú lé ní 6,000. Láàárín ọdún kan, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti lọ ṣèrànwọ́ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Shigeru Ban wà lára wọn. Ó yàwòrán ilé kékeré tí ògiri rẹ̀ jẹ́ páìpù bébà, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ àgọ́, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kèréètì bíà tí wọ́n kó àpò yanrìn sí nínú. Àwọn olùrànwọ́ fúnra wọn ló kọ́ wọn.

Kèréètì! Èyí tó wà lẹ́yìn ilé gbogbo ìyá tó ń ta mínírà. Ẹ ya á, ẹ kó o lọ lófo, ẹ bu yanrìn sí i níbẹ̀. Èmi ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan, nílẹ̀ tó rọ̀. Ọjọ́ kẹta ni igun kan rì, ilẹ̀pákó sì dagun, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ń yọ̀ lọ sí apá kan. A gbé e, a fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ kèréètì kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró títí a fi tú u. Ẹ má gbàgbé pákó yẹn.

Òpó ilé kò gbọ́dọ̀ dúró lórí kèréètì o. Òpó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ gún un dáadáa. Kèréètì gbé èèyàn sókè, òpó di ilé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Ẹ gbẹ́ gọ́tà yíká, kẹ́ ẹ da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí ìhà ilé. Ẹ gé koríko yíká náà tó mítà mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa gbálẹ̀ abẹ́ ilé lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ mọ́ gbuuru. Ejò kò fẹ́ràn ibi tí kò sí ohun tó lè sá sábẹ́ rẹ̀.

---

Ẹni tó ní ká kan èyí tó ń léfòó

Mo fẹ́ràn ìrònú yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ilé ìwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀ ní Mákòkó. Ọdún 2013 ni wọ́n parí rẹ̀, gbogbo ayé sì wá wò ó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò àti ìjì wó o. Ó ti di ilé tó dàgbà díẹ̀ nígbà náà, igi inú omi sì ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ẹ̀yin kò ní àkókò ìtọ́jú, iṣẹ́ mìíràn lẹ wá ṣe. Tí ilẹ̀ gbígbẹ ò bá sí rárá, ọ̀dọ̀ àwọn káfíńtà Ìlàjẹ ni kẹ́ ẹ lọ. Ọjọ́ wọn ti pẹ́ lórí òpó, wọ́n mọ igi tó lè wà nínú omi, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó.

---

Ṣálángá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dáadáa

Mo kà gbogbo èsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹnì kan tó dárúkọ ilé ìgbẹ́. Ó dùn mí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Haiti, ilẹ̀ tí kò rí i rí fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìwádìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibùdó àwọn ọmọ ogun adáàbòbo-àlàáfíà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, nítòsí Mirebalais. Ìgbẹ́ láti ibùdó náà wọ odò kékeré kan, odò kékeré náà wọ odò ńlá tó ń jẹ́ Artibonite, èyí tó jẹ́ omi tí àwọn èèyàn ń mu, tí wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń gbin ìrẹsì. Ó tó nǹkan bí 10,000 èèyàn tó kú, àwọn tó ṣàìsàn sì lé ní 800,000. Ọdún 2016 ni ọ̀gá àgbà àjọ náà tó tọrọ àforíjì. Àwọn tó wá dáàbò bò wọ́n ló gbé ikú dé. Wọn ò gbé ìbọn sí ẹnikẹ́ni. Páìpù àti kòtò ìgbẹ́ ni.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Òdiwọ̀n Sphere tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní àwọn tó ń lo ilé ìgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju èèyàn 20 lọ. Fún 40, méjì nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ṣe mẹ́rin, méjì fún obìnrin tó ní ìkọ́ ilẹ̀kùn nínú, torí pé agogo márùn-ún ìdájí ni gbogbo yín máa fẹ́ lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Kó jìnnà sí kànga tàbí odò tó mítà 30. Kó má jìnnà ju mítà 50 lọ sí ibùsùn, torí pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù òkùnkùn yóò yà sẹ́yìn ilé.

Ìdí kòtò gbọ́dọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà kan ààbọ̀. Ní etí odò tó kún, ẹ ò lè rí èyí. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò: tí omi bá yọ ní ìwọ̀n orókún, ẹ má gbẹ́ ṣálángá níbẹ̀ rárá. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ jọ kí ilẹ̀ ga, tàbí kẹ́ ẹ lo dúrọ́ọ̀mù olómọrí lábẹ́ ìjókòó pákó, kí wọ́n máa gbé e lọ dà síbi tó yẹ lórí ilẹ̀ gíga. Iṣẹ́ tí èèyàn ń sá fún ni. Ẹ fi orúkọ sí i lára ògiri, kí olórí yín kọ́kọ́ wà nínú orúkọ náà. Ibi tí olórí bá ti gbé dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò tíì rí ẹni tó kọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Omi: lítà 15 fún ẹnì kan lóòjọ́ ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀nba. 600 nìyẹn fún yín. Ẹni tó ti inú ẹrẹ̀ dé kò lè fi lítà 15 wẹ̀, fọṣọ, kó tún mu. Ẹ gbé táńkì 1,000 lítà, ẹ fi klórínì sí i, ẹ so kẹ́ẹ̀gì oníhò pẹ̀lú ọṣẹ síwájú ilé ìgbẹ́ gan-an. Tó bá jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, wọn ò ní fọwọ́.

---

Sí ìyá tó béèrè nípa ààbò àwọn ọmọbìnrin

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin lẹ béèrè ohun tó yẹ kí èmi ti sọ. Iná sólà kékeré mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọn, ọ̀kan láàárín ọ̀nà, ọ̀kan níwájú ilé ìgbẹ́. Ẹnu ọ̀nà méjì ni kí gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan ní, fún iná àti fún ohunkóhun. Ẹ so kọ́tíìnì àǹkárá sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti bẹ́ẹ̀dì. Èyí kò ná yín ní nǹkan, ó sì ń ṣe ju ohun tí èèyàn rò lọ: ẹni tó gbé òkú ọmọdé jáde nínú omi lọ́sàn-án nílò ibi tó ti lè sunkún lálẹ́ láìjẹ́ pé èèyàn 17 ń wò ó. Mo ti fẹ̀yìn ti irú kọ́tíìnì bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn tó ní ká fún oníkálukú ní àgọ́ tirẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá rèé, ó sì tọ́ kí wọ́n wá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà nínú àgọ́, tí ibà bá gbé e lóru, òwúrọ̀ ni wọ́n máa tó mọ̀. Ní gbọ̀ngàn, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń gbá ara wọn.

---

Jẹnẹrétọ̀

Kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ òrùlé kankan tí èèyàn wà, kò gbọ́dọ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ òjò ló ń rọ̀. Èéfín rẹ̀ ti pa odindi ìdílé lójú oorun ní ilẹ̀ yìí, a mọ̀ wọ́n. Ẹ gbé e jìnnà síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ kan ilé páànù kékeré lé e, kẹ́ ẹ pa á ní agogo mẹ́wàá. Fóònù tí kò bá kún di ọ̀la.

---

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó wọlé, àti bàtà

Àríyànjiyàn yín lórí ìrẹsì àti gàrí dùn mọ́ mi. Gàrí ni mo yàn. Agogo mọ́kànlá òru la dé láti àdúgbò Adankolo lọ́jọ́ kan, òjò ti pa wá, ìyá kan tó ń se oúnjẹ fún wa ti gbé omi kaná sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀bà ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá gbígbóná. A jókòó, a jẹun, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà la wá ń rẹ́rìn-ín.

Mo sọ èyí torí ibi tá a jókòó sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, níwájú gbọ̀ngàn, mítà méjì péré tí òrùlé bò. Ibẹ̀ ni bàtà òjò wà lórí ìkọ́, tí ojú rẹ̀ dà délẹ̀ kí omi lè ro. Ibẹ̀ ni aṣọ tútù wà lórí okùn. Ohunkóhun tó bá tutù kò kọjá ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ronú bẹ́ẹ̀dì, ẹ ronú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Gbọ̀ngàn tí kò ní i, ọjọ́ kejì ni gbogbo fóòmù inú rẹ̀ máa ń rin, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láàárín ìka.

Ilé ìdáná tirẹ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ ẹ̀ta iná sórí imọ̀ ọ̀pẹ.

---

Títú u palẹ̀

Ẹ sọ fún àwọn káfíńtà yín pé kí wọ́n fi ìṣó sílẹ̀ sílé. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni. Igi tẹ́ ẹ bá kàn ní ìṣó tẹ́ ẹ sì tú lẹ́ẹ̀mejì, igi ìdáná ló dà. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí orí igi kọ̀ọ̀kan níbi méjèèjì tí wọ́n ti pàdé: A1 bá A1, A2 bá A2. Igi tó gùn jù kó má ju mítà mẹ́rin lọ, kó lè wọ inú ọkọ̀ ojú omi láìyọ síta. Ẹ tò ó lẹ́ẹ̀kan nílé ní oṣù kẹfà, kí odò tó kún, kẹ́ ẹ kọ iye wákàtí tó gbà yín sílẹ̀. Tapólì gbọ́dọ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó ká a, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sókè kúrò lọ́wọ́ eku. Ọ̀kan nínú tiwa, a ká a ní tútù nítorí pé a ń kánjú lọ sílé. Nígbà tá a ṣí i lọ́dún kejì, ó ti hu ewú, okùn etí rẹ̀ sì já bí òwú.

---

Sí àbúrò tó béèrè, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹ ní ẹnì kan ti yọ̀ǹda ilẹ̀ fún yín, ó ní kò kún rí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tán, ìbáà jẹ́ olóòótọ́. Ẹ lọ bá àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè ibi tí omi dé lọ́dún 2012 àti 2022. Ẹ wo ara ògiri ilé tó sún mọ́ ọn, ìlà ẹrẹ̀ yẹn kì í tètè parẹ́. Tí òjò ńlá bá ti rọ̀, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín já. Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti rì, ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú igi náà lójú ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn mí níbí, kí n lè sọ ibi tí òpó àkọ́kọ́ yóò wọlẹ̀ sí.